Ohun Tí Bọ̀gìnnì Bàbá Mi Jẹ, àti Èyí Tó Mu

Títí di òní, bí mo bá wà nínú ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi á tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Ọkọ mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú u. Ó ní lọ́jọ́ kan n óò dá ilẹ̀ ọkọ̀ òun lu. Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ojú eyín lásán ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ó sì ti ń bà mí láti ọdún tí bàbá mi ra bọ̀gìnnì, nígbà tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, tí gbogbo wa ń gbé nínú ilé onípáànù kan ní Odode Ìdànrè, ní ìsàlẹ̀ àpáta. Ní àdúgbò wa, ohùn kì í dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ìyá mi bá ń gún iyán, àpáta á máa gún un tẹ̀lé e. Bí ewúrẹ́ bá ké, òmíràn á dá a lóhùn lókè, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ewúrẹ́ kankan níbẹ̀. Nítorí náà, bí bàbá mi bá ń ti ìrìn àjò bọ̀, a ó ti gbọ́ ọkọ̀ rẹ̀ nígbà méjì kó tó yọ sí wa, ìyá mi kì í sì í gbé ọwọ́ kúrò láyà títí yóò fi gbọ́ tí ìlẹ̀kùn ọkọ̀ pa dé.

Àgbẹ̀ oníkòkó ni bàbá mi. Ọdún tí kòkó ṣe dáadáa ló gba Ìbàdàn lọ, tó sì wa bọ̀gìnnì aláwọ̀ eérú kan wálé. Àlòkù ni. Dókítà àgbà kan ló ti lò ó kó tó tà á, òórùn tábà rẹ̀ sì ṣì wà lára àga aláwọ ẹran tó wà nínú rẹ̀. Gbogbo àdúgbò wá kí wa. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń fi ọwọ́ pa á lára bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù, wọ́n wáá bi bàbá mi pé kí ló ń jẹ. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní epo ni. Ìyá Àgbà ní, "Ọma mi, epo nìkan?" Bí wọ́n ti ń pe ọmọ ní èdè Ìdànrè tiwọn nìyẹn. Wọ́n ní láti Òkè Ìdànrè ni ẹsẹ̀ àwọn ti gbé àwọn sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí àwọn wà ní ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, lórí àtẹ̀gùn tí kò lóǹkà, pẹ̀lú ẹrù lórí, ẹsẹ̀ náà kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ àwọn títí di òní ju àdí tí àwọn fi ń pa á lọ.

Kò pẹ́ tí a fi mọ ohun tó ń jẹ. Táyà rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà nílùú wa, Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ń rà á, ẹyọ kan sì tó láti gbé àpò kòkó gbígbẹ kan mì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń rọ sínú ìgò lẹ́bàá títì kò bá a lára mu. Òkúta ta bá iná iwájú rẹ̀ kan, ó fọ́, a sì dúró títí dìgbà tí ẹnìkan fi bá wa rí òmíràn rà ní Èkó. Bí mo bá ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó nínú oòrùn lẹ́yìn ilé ìwé, mo máa ń pín in lọ́kàn mi: èyí yóò di plọ́ọ̀gì, èyí yóò di fáńbẹ́ẹ̀tì. Ẹran inú ọbẹ̀ wa ń kéré sí i. Páànù ilé ìdáná tó ń jò kò rí ẹni pààrọ̀ rẹ̀, ìyá mi á sì gbé agbada sábẹ́ ibi tí omi ti ń kán. Kódà Bọ̀dá Ìdòwú, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń bá bàbá mi ṣe oko ní ìdá, tó ń gbé nínú yàrá tó kángun sí ilé ìdáná, kò rí ìpín tirẹ̀ gbà lọ́dún náà. Bàbá mi ní kó ní sùúrù, nítorí sọ́ọ̀kì ọkọ̀ méjì ló kú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ tí wọ́n jọ ń ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí rẹ̀. Síbẹ̀, òun náà ló ń fọ ọkọ̀ náà láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Láyí Mẹkáníìkì nìkan ló lè sọ òótọ́ fún bàbá mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, oko kòkó ló kọ́kọ́ wá ṣe ní Ìdànrè kó tó lọ kọ́ṣẹ́, kó tó wáá ṣí ibi iṣẹ́ sábẹ́ igi fúrúùtù lẹ́bàá títì. Ọjọ́ tó rí ọkọ̀ náà ló ti mi orí. Ó ní, "Bàbá Mojí, iye tí ẹ fi rà á kọ́ ni owó rẹ̀. Owó rẹ̀ ni èyí tí ẹ ó máa fi bọ́ ọ. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, owó oṣù ló fi ń bọ́ ọ. Kòkó ni tiyín, kòkó kì í sì í so lóṣooṣù." Bàbá mi dáhùn pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Inú mi dùn sí ìdáhùn yẹn nígbà náà. Àgbà ti dé sí mi báyìí, mo sì mọ̀ pé àwa ará ilé ni ẹnu àáké náà, àwa ni wọn kò wò.

Láràárọ̀ Sátidé, bàbá mi á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, èmi ni n óò sì di àkísà mú fún un, nítorí èmi, Mojí, ni àkọ́bí rẹ̀, kò sì sí ọkùnrin lẹ́yìn mi nígbà náà. Ó fi irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì hàn mí. Ó fi ike funfun kékeré kan hàn mí, tí ọ́ìlì bíréèkì wà nínú rẹ̀. Ó fi rédíétọ̀ tí wọ́n ń bu omi sí hàn mí, ó sì kì mí nílọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìdérí rẹ̀ láéláé. Kò yẹ kó wàhálà ara rẹ̀. Dírẹ́bà kan wà tó máa ń kọjá níwájú ilé wa lọ sí ọjà, omi rédíétọ̀ ló bó o lójú, apá kan ojú náà funfun, ó sì ń dán. Bí mo bá ti rí ọkùnrin náà lókèèrè, inú yàrá ni n óò sá wọ̀, mi ò sì ní jáde títí ìyá mi yóò fi pè mí pé ó ti lọ.

Ẹ̀rù tó ń ba ìyá mi yàtọ̀. Ayé ló ń bẹ̀rù. Aládùúrà ni wá, ó sì gbà pé kò sí ohun tó ń dán tí ojú kò ní í tẹ̀lé. Obìnrin kan nínú ọjà sọ fún un pé ọkọ̀ wọn mà ń dán o, kò sì kí i kú oríire tẹ̀lé e, ni ìyá mi kò bá lè jẹun lọ́jọ́ náà. Nígbà tó ṣe, ìyá kan tó máa ń ríran nínú ìjọ wa dìde nínú ìsìn, ó ní òun rí ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan tó dojú délẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè, kò sì sí ẹnìkan nínú rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà sí omi fún ìyá mi, wọ́n ní ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ máa jáde láìmu nínú rẹ̀. Bàbá mi ní tirẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn ni omi àdúrà wà fún, òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni da nǹkan kan sí ọkọ̀ òun. Ìyá mi bá pè mí sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Ó gbé ìgò náà lé mi lọ́wọ́, ó ní ìdérí kan láràárọ̀ Sátidé kí bàbá mi tó jí, níbi tí ọkọ̀ ti ń mu omi, kí n má sì jẹ́ kí ó mọ̀. Bó ti ń sọ̀rọ̀, ó ń bojú wo ẹnu ọ̀nà ṣáá. Mi ò rí kí ìyá mi máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ara rẹ̀ rí, ìyẹn gan-an ló kó ẹ̀rù tirẹ̀ ràn mí.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo fa irin bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo gbé e sókè pẹ̀lú orí àti ọwọ́ méjèèjì, mo sì dúró ti rédíétọ̀. Ọkọ̀ náà ti sùn mọ́jú, omi inú rẹ̀ á ti tutù bí omi inú àmù, ṣùgbọ́n kí ni mo mọ̀? Ojú dírẹ́bà yẹn nìkan ni mo ń rí. Mo na ọwọ́, mo fà á padà, mo tún nà á. Mo bá rí ike funfun yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdérí rẹ̀ kò le, ohun olómi ló wà nínú rẹ̀, kò sì tíì kún. Mo rò ó pé inú kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, gẹ́gẹ́ bí ohun tí a bá gba ẹnu jẹ. Mo da omi náà sí i, mo ka Sáàmù tí wọ́n kọ́ wa, mo sì rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bí bàbá mi bá jí, tó yẹ ike náà wò, inú rẹ̀ á dùn. Ó máa ń sọ fún Láyí pé nínú gbogbo ohun tí ọkọ̀ náà ń jẹ, ọ́ìlì bíréèkì nìkan ni kì í tán. Èmi náà á rẹ́rìn-ín sínú. Mo rò pé omi àdúrà ti ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ kan ní àkókò òjò, bàbá mi ti Àkúrẹ́ dé, kò sì wọlé bọ̀rọ̀. Ó jókòó sínú ọkọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀ kó tó jáde. Nídìí oúnjẹ, òkèlè iyán bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wáá sọ fún wa pé nígbà tí òun ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn, òun tẹ bíréèkì títí, ẹsẹ̀ òun sì wọlé lọ bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ẹrẹ̀. Inú koríko ni òun darí ọkọ̀ sí. Ohun tó ya òun lẹ́nu ni pé nígbà tí ọkọ̀ náà sinmi díẹ̀, bíréèkì padà bọ̀ sípò bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Ìyá mi gbójú sókè lórí àwo ọbẹ̀, ó wò mí. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó ní kí n sọ ọ́ di ìdérí méjì.

Láyí pààrọ̀ pádì bíréèkì, kòkó mìíràn sì tún lọ. Ó tẹ bíréèkì, ó mú. Ó wà á yí ìlú po lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó tún mú. Kò rí ohun tó ń ṣe é. Láti ìgbà náà ni ilé wa kò ti ní ìfọ̀kànbalẹ̀ mọ́. Bí bàbá mi bá jáde, ìyá mi á kúnlẹ̀. Èmi náà á jókòó sórí òkúta lẹ́nu ọ̀nà, n óò máa tẹ́tí sí ìró ọkọ̀ láti ibi àpáta, n óò sì máa ṣírò lọ́kàn mi bóyá omi tí mo bù sí i láàárọ̀ Sátidé tó láti gbé e délé. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ bí omi àti ọ́ìlì bíréèkì ṣe ń ṣe: bí bíréèkì bá gbóná lórí òkè, omi á hó di ooru, ooru kò sì lè dá irin dúró. Bí ó bá tutù, á tún dà bí ẹni pé kò sí nǹkan. Bí a bá ṣe ń bẹ̀rù tó ni mo ṣe ń bù ú tó, bí mo bá sì ṣe ń bù ú tó ni ikú ṣe ń sún mọ́ bàbá mi.

Èmi pàápàá wà nínú rẹ̀ ní ìgbà kejì. A gbé Ìyá Àgbà lọ ṣàyẹ̀wò ojú ní Àkúrẹ́, a ń bọ̀, wọ́n jókòó tì mí lẹ́yìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa iṣu tí wọ́n fẹ́ sun. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn kan náà ni. Mo rí i tí ẹsẹ̀ bàbá mi ń lọ sókè sódò, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Kò pariwo. Ó kàn sọ pé, "Mojí, di Ìyá Àgbà mú." Ẹ́ńjìnnì ké bó ti ń fa jíà sẹ́yìn, igi ẹgbẹ́ ọ̀nà ń sá kọjá, Ìyá Àgbà sì ń béèrè ohun tó ń lé wa. Mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi, bí ẹni pé èmi ni mo ń wà á. Òkìtì yanrìn tí àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe dà kalẹ̀ ni bàbá mi kọrí ọkọ̀ sí, ibẹ̀ ló sì dúró, pẹ̀lú yanrìn lórí gíláàsì iwájú. Ìyá Àgbà ṣí ìlẹ̀kùn, wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n ní ẹsẹ̀ tó gbé àwọn sọ̀ kalẹ̀ lókè ṣì wà lára àwọn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn délé. Èmi náà rìn tẹ̀lé wọn, ìtọ̀ sì ti rin mí láṣọ.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fa ọkọ̀ náà wá sí ojúlé wa, Láyí sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ dé. Ó ṣí ike funfun yẹn. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi ìka pa ìka, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí bàbá mi tan ẹ́ńjìnnì, nígbà tí irin rẹ̀ sì gbóná, ó kán díẹ̀ nínú ohun olómi náà sí i lórí. Ó ta pàrà, pàrà, bí omi tó kán sínú epo gbígbóná. Láyí nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Omi ni. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n bù ú síbẹ̀. Bàbá Mojí, ẹni tó ń ṣe èyí, ikú yín ló ń wá."

N kò lè ṣàpèjúwe ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe mí. Ìyá mi ti jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, ó sì ti gbọ́. Ó wò mí, mo rí i pé ó ti mọ ibi tí mo ń da omi sí. Mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa ìyàwó tí ikú ọkọ rẹ̀ bá wá láti inú ilé. Mo mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu, àwọn mọ̀lẹ́bí bàbá mi yóò kó ẹrù ìyá mi síta kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo bá pa ẹnu mi mọ́. Bàbá mi sì ti kọjú sí ẹni tó ń fọ ọkọ̀, tó tún ń bínú nítorí ìpín rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí Bọ̀dá Ìdòwú lójú gbogbo wa, ó ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé òun. Bọ̀dá Ìdòwú dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Mo bá yín jà nítorí owó mi, sà. Mi ò bá ẹ̀mí yín jà." Bàbá mi na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹrù rẹ̀ kò ju ẹní kan, àdá kan àti báàgì kan lọ. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Ó kọjá lọ́dọ̀ mi, ó sì dúró, ó ní adìẹ òun ń pamọ lẹ́yìn ilé ìdáná, kí n jọ̀ọ́ máa bá òun fún un lómi. Omi. Ọ̀rọ̀ náà ló já okùn tí mo fi di ẹnu mi. Mo gbọ́ tí ohùn kan sọ pé, "Èmi ni mo bu omi síbẹ̀," àpáta sì tún un sọ, kó lè dá bàbá mi lójú pé òun gbọ́.

Bàbá mi tẹ̀ síwájú mi, ó lóṣòó kí ojú wa lè ṣe déédéé. Mo ti ń retí ìgbátí. Ìbéèrè ló wá bi mí, ó sì bà mí lẹ́rù ju ìgbátí lọ. Ó ní ta ló rán mi. Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Ó tún béèrè, mo tún parọ́. Ni ọmọ odó bá bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá Mojí, èmi ni. Mi ò fẹ́ kí ẹ kú."

Bàbá mi ní kí wọ́n gbé ìgò náà wá. Ìyá mi gbé e wá, ó kù díẹ̀ kó dé ìdajì. Bàbá mi wò ó sójú oòrùn, ó ṣí i, ó sì mu ún tán láìmú un kúrò lẹ́nu. Ó nu irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà yín nítorí mi, ẹ wáá ń fún ọkọ̀ lómi mu. Láti òní lọ, èmi ni kí ẹ máa fún." Ó lọ bá Bọ̀dá Ìdòwú lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ẹrù náà kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e padà sínú yàrá. Àgbà ni bàbá mi, kò bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú ẹnu. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà dúró lórí òkúta, láìní bíréèkì, títí a fi tà lára kòkó, ìpín Bọ̀dá Ìdòwú ni wọ́n sì kọ́kọ́ yọ nínú rẹ̀. Páànù ilé ìdáná ló tẹ̀lé e. Ó pẹ́ gan-an kó tó kan ọkọ̀.

Orí ibùsùn ni bàbá mi kú sí, ní ọjọ́ ogbó, lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Mo ti ní ọkọ̀ tèmi báyìí, àlòkù ni òun náà, mi ò sì jẹ́ kó jẹ́ bọ̀gìnnì. Bí mẹkáníìkì bá ní nǹkan kan ti tó pààrọ̀, mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀ kí n tó ronú aṣọ. Bí ọkọ mi bá sì fẹ́ rin ìrìn àjò, ife omi tútù kan ni n óò gbé fún un lẹ́nu ọ̀nà, n óò dúró tì í títí yóò fi mu ún tán. Ó rò pé ìtọ́jú ni. N kò tíì sọ fún un nípa ìgò ìyá mi.